Èkùrọ́ Àná

Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù, Ìgbẹ̀ìn ń palẹ̀ mọ́.
Mo tan kọ̀ǹpútà. Ó mí kanlẹ̀ bí àgbà tó gun òkè,
ó wáá to lẹ́tà funfun wẹ́ẹ́rẹ́ sójú dúdú:
òun ò rí gbòǹgbò òun mọ́.
Iná kékeré orí bọ́tìnnì ń ṣẹ́jú, ń ṣẹ́jú,
bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ohùn há mọ́ lọ́nà ọ̀fun.

Mo pa á. Mo tan án. Mo tún pa á.
Mo gbá a nídìí bí bàbá mi ti í gbá rédíò;
rédíò nìyẹn, èyí kì í ṣe rédíò.

Lágogo méje àárọ̀, ẹbí Màmá Dọ́káàsì Ẹfúnpọ̀róyè ń bọ̀
wáá kó igba ìwé ètò ìsìnkú.
Inú ẹ̀rọ yìí ni oríkì ìyá náà wà,
ojú ewé mẹ́rìnlélógún, orúkọ ọmọ, orúkọ àna,
àti ti ọmọ-ọmọ kan ní Kánádà
tó ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta pé kí n má ṣe gbàgbé
lẹ́tà H tó wà nídìí orúkọ òun.

Mo pe Wúràọlá Ṣóníbàrẹ́ ní Àsẹ̀rọ̀,
òun ló fi Línúọ́sì sí i fún mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn,
tó ní kì í gbowó, kì í sì í ṣàìsàn.
"Kí lo ṣe fún un?"
"N ò ṣe nǹkan kan."
"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín ń wí. Kí lo ṣe?"
Mo bá jẹ́wọ́: lánàá ló ní òun fẹ́ gba nǹkan tuntun,
mo ní kó máa gbà á. Ó kù díẹ̀ kó parí, Nẹ́pà mú iná lọ,
bátìrì rẹ̀ sì ti kú láti ìgbà Iléyá.

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń jẹ nǹkan lẹ́nu.
"Èkùrọ́ tuntun lo gbé fún un, o ò pa á tán.
Èèpo ṣì wà lára rẹ̀, eyín ẹ̀rọ ò ká a.
Tún un tàn. Bó bá ti ń jí, tẹ Ẹ́síkéèpù."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pẹ́ jù, ẹ̀ẹ̀kan ni mo yá jù.
Lẹ́ẹ̀kẹrin, ilẹ̀kùn ṣí: ìlà mélòó kan,
tuntun lókè, ti àná lábẹ́ rẹ̀.
Mi ò mọ̀ pé wọn kì í da ti àná nù.

Ìyá mi àgbà ní Ìtókò, lẹ́yìnkùlé,
òkúta ńlá nílẹ̀, òkúta kékeré lọ́wọ́,
èkùrọ́ tó bá ta sínú iyanrìn, kì í lé e.
"Fi í sílẹ̀," á ní. "Ebi mọ̀ ọ́n wá."

Mo yan ti àná. Lẹ́tà ń sáré bí eèrà tó gbúròó òjò.
Ó dúró.
Èmi náà dúró.
Odò Ògùn bá yọ lójú ẹ̀rọ,
àwòrán tí mo yà láti orí afárá Lafẹ́ńwá,
omi rẹ̀ pọ́n, ọmọdé kan ń jù nǹkan sínú rẹ̀.

"Má tíì fò," ni Wúràọlá wí. "Iṣẹ́ àná ò tíì parí."
Ó ń pe lẹ́tà fún mi bí tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀:
dí, pí, kí, gí, fi àlàfo sílẹ̀,
ẹ̀rọ sì padà sídìí òkúta,
ó ń pa èkùrọ́ tuntun náà lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo jókòó ti jẹnẹrétọ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn,
mo ń fi igi wọn epo tó kù.

Agogo méjì òru, ìwé àkọ́kọ́ jáde, ó ṣì ń gbóná.
Oríkì kọ́ ni mo kọ́kọ́ wò.
Mo wá orúkọ ará Kánádà, mo wo ìdí rẹ̀.
H wà níbẹ̀.